Ìgbà Àádọ́ta

Urho, àbúrò ìyá wa, ti orí òkun dé lóṣù Ẹrẹ́nà,
yìnyín ṣì dì gbagidi ní èbúté Kotka.
Ó tú ẹrù, ó fa páálí kan yọ láàárín ṣòkòtò iṣẹ́:
ẹ̀rọ géèmù láti Yokohama,
pẹ̀lú irin wíwúwo kan tí ń rọ iná lójú
kí iná ilé wa má baà jó o pa.
Kò sẹ́ni tó lè ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí náà.
Jarkko ní òun lè kà á. Irọ́ ni.

A ti ní irú rẹ̀ nílé, èyí tí wọ́n rà ní Helsinki:
kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan náà, ìborùn lọ́rùn,
tó ń fo kòtò, tó ń ṣa ìràwọ̀.

A so wáyà. A tan tẹlifíṣọ̀n.
Àwòrán kọ̀, ó ń yí lọ sókè, ó ń yí lọ sókè
bí ẹni ń ká ẹní tí kò lópin.
Ọwọ́ mi ló kéré jù, èmi ni wọ́n ní kí n na ọwọ́ sẹ́yìn rẹ̀,
kí n wá bọ́tìnnì kan nínú eruku, kí n máa yí i.
"Sí i, Virpi. Sí i. Ó tó! Má mí o!"
Mi ò mí.
Ó dúró.
Ṣùgbọ́n kò sí àwọ̀ kankan lára rẹ̀,
àfi funfun, àfi dúdú, àfi eérú.

Urho bu kọfí mu, ó ní tẹlifíṣọ̀n náà ní èdè.
Tọ̀hún ń fi ìlà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lé mẹ́ẹ̀dọ́gbọ̀n ya àwòrán,
tiwa ń fi ẹgbẹ̀ta lé mẹ́ẹ̀dọ́gbọ̀n.
Kí o tó pe "ení" tán, tọ̀hún ti ṣẹ́jú nígbà ọgọ́ta,
tiwa, ìgbà àádọ́ta péré.
Àwọ̀ náà ń bọ̀, ó ní, ó ń pariwo nínú wáyà,
àpótí wa ni kò gbédè.

Ìpele kan wà níbẹ̀ tí wọ́n yọ kúrò nínú tiwa,
ọgbà kan, igi eléso lọ́tùn-ún lósì.
Jarkko ní èso náà pupa. Mo ní àwọ̀ àlùkò ni.
A jà sí i títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àti pé ó yára! Àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́;
a fẹ̀sọ̀ fò,
kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ já sí kòtò lẹ́ẹ̀mọ́kànlá.

Bàbá wa ń ṣiṣẹ́ òru níbi tí wọ́n ti ń ṣe bébà,
ọ̀sán ló fi ń sùn, lẹ́yìn ògiri.
Orin géèmù wa ló máa ń fi súfèé
bó bá ń so okùn bàtà nírọ̀lẹ́,
ó ń lọ rọra, bí orin ìsìn.
Lọ́jọ́ náà ó lu ògiri gbà-gbà-gbà:
"Ta ló ń lé wọn?"

Ọdún mẹ́rìndínlógójì.
Mo ra tẹlifíṣọ̀n àlòkù lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan ní Porvoo,
èyí tó gbọ́ èdè méjèèjì.
Mo so ẹ̀rọ Urho mọ́ ọn, mo pe Jarkko ní Oulu,
mo gbé fóònù ti ẹnu ẹ̀rọ.
"Èso yẹn ńkọ́?"
Mo wò ó dáadáa. Àwọ̀ ewé.
Kò tíì pọ́n nígbà tí à ń jà lé e lórí.
Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wúkọ́.
Lẹ́yìn náà ó ní, "Orin yẹn. Kì í ṣe tiwa."

Mo yọ ọ́, mo fi ti Helsinki sí i.
Ọ̀pá dúdú kan bọ́ sókè, òmíràn sísàlẹ̀,
kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kúrú, ó sanra, ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀.
Orin bẹ̀rẹ̀, ó ń lọ rọra.

Jarkko ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.
"Virpi," ó ní,
"ó ti ń so okùn bàtà."